Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún tí Man U wà: Ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun l'Álímọ̀ṣọ́

Lọ́jọ́ Sátidé, bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tó bá gba Ìkòtún kọjá sí Ìgàndó, tàbí tó bá ti Ẹ̀gbẹ́dá yà sí Ìdímù, kò ní í ṣàì rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì sí, tí wọ́n sì kọ aago tí wọn yóò gbá a sí abẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nìyẹn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń pè ní fíúwìn sẹ́ńtà. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni onísúyà máa ń wà, ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá àti ẹlẹ́rìndòdò kì í jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó so jẹ́sì kọ́ sára ògiri náà yóò máa retí oníbàárà. Kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá a lókè òkun ni oúnjẹ wọn wà.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United ní sáà 2024 sí 2025 fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lásán. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni wọ́n gbá nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n borí nínú 11, wọ́n ta ọ̀mì nínú 9, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 18. Àmì 42 péré ni wọ́n kó jọ, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì parí sí láàrin ẹgbẹ́ 20. Ní pápá tiwọn gan-an ní Old Trafford, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni àlejò nà wọ́n nínú líìgì. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Erik ten Hag, lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n sì gbé Rúben Amorim wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, síbẹ̀ omi kò tòrò. Láti sáà 1973 sí 1974 tí ẹgbẹ́ náà já bọ́ kúrò ní ìpele àkọ́kọ́, líìgì wọn kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa o: wọn kò já bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò sì gba ife kankan. Ààrin méjì ni wọ́n wà. Irú sáà bẹ́ẹ̀ gan-an ló léwu jù fún ọlọ́jà. Bí ilé bá jó, gbogbo ènìyàn ni yóò sá jáde. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò díẹ̀díẹ̀, onílé lè máa fi abọ́ gbe omi títí igi àjà yóò fi jẹrà.

Ìṣirò ẹnu ọ̀nà

Álímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọjà kékeré. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń ka àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà kéde pé 1,277,714 ni wọ́n bá níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní tòun ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí ó wù ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì, èrò pọ̀ níbẹ̀ tó láti bọ́ ilé ìwòran púpọ̀. Ohun tó kù ni ohun tó ń gbé èrò náà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ilé ìwòran kan ní Ìgàndó gba ènìyàn 50, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń san ₦300. Bó bá kún, ₦15,000 ló wọlé. Ká wá sọ pé Man U pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, tí àwọn 15 nínú olólùfẹ́ wọn sì jókòó sílé. ₦10,500 ni yóò wọlé lọ́jọ́ náà, ₦4,500 ti lọ. Ọ̀gá ilé ìwòran lè máà kà á sí, torí àga ṣì ń kún díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, ₦45,000 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé olè kankan wọlé.

Epo tí jẹ́nẹ́rétọ̀ ń mu fún ènìyàn 35 kò sì dín sí èyí tó ń mu fún ènìyàn 50. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jálá tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦488 l'Ékòó láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sí iye àtijọ́ mọ́. Owó DStv náà gbéra: ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ètò Compact kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000, Premium sì kúrò ní ₦37,000, ó di ₦44,500. Iye tí wọ́n kéde fún ilé gbígbé nìyẹn, ilé ìtajà ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí Man U borí, bí wọ́n fìdí rẹmi, owó yìí kò ní í dín. ₦45,000 tó ń jò lọ nínú àpẹẹrẹ wa ju owó Compact oṣù méjì lọ.

Alẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó sọnù

Ìṣòro kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò ronú kàn. Ní sáà náà, Man U gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 nínú ìdíje Europa League, láàárín ọ̀sẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí. Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, wọ́n pàdé Tottenham nínú àṣekágbá ìdíje náà ní ìlú Bilbao lórílẹ̀-èdè Spain. Ipò kẹtàdínlógún ni Tottenham wà nínú líìgì, wọ́n burú ju Man U lọ, síbẹ̀ Brennan Johnson jẹ ayò kan ṣoṣo tó pinnu eré, Tottenham sì gbé ife lọ.

Ayò kan yẹn ló ti ilẹ̀kùn. Man U kò ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù kankan ní sáà 2025 sí 2026, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ní sáà 2014 sí 2015. Nígbà tó sì di ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Grimsby, ẹgbẹ́ ìpele kẹrin, fi pẹnáritì yọ wọ́n kúrò nínú ife líìgì. Ẹ padà sí ilé ìwòran wa ní Ìgàndó: alẹ́ 15 ní ₦15,000, ₦225,000 nìyẹn, láìtíì ka súyà àti ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ọn. Wọ́n pàdánù nílùú Bilbao, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ dé ọ̀nà Ìkòtún.

Kí ni ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe?

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ wo bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ òjò, kí ẹ sì wo ibi tó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Adidas tó ń ṣe jẹ́sì wọn fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní ọdún 2023, mílíọ̀nù 900 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé sáàkísáà tí Man U kò bá wọ Champions League, mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn yóò kúrò níbẹ̀. Adidas ti ro ti ọjọ́ búburú kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹgbẹ́ náà dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ dúró lọ́dún 2024, wọ́n sì kéde ní oṣù Kejì ọdún 2025 pé àwọn bí 150 sí 200 mìíràn lè tẹ̀ lé wọn. Láàárín sáà kan náà, wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù nílẹ̀ di 66 pọ́n-ùn fún ọmọdé àti àgbà, láìsí ẹ̀dínwó fún arúgbó. Àwọn olólùfẹ́ bínú, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tó ń ta ọjà tí kò dára tó ti àná, tó tún wá fi owó lé e, ó ń lé oníbàárà lọ ni. Ọ̀gá ilé ìwòran tó bá sọ ₦300 di ₦500 torí pé àwọn tó ń wá kò pọ̀ mọ́, àṣìṣe kan náà ló ń ṣe.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Àkọ́kọ́, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ iye tó wọlé lóòjọ́ nìkan, ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù àti iye ènìyàn tó wá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé náà yóò sọ fún yín bóyá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ yín.

Ìkejì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni kí ẹ máa tà, ẹ má ta ẹgbẹ́. Ní sáà tí Man U ń tàràrà yẹn, Liverpool ló gba líìgì, Newcastle na Liverpool nínú àṣekágbá ife líìgì, Crystal Palace sì na Manchester City láti gba ife FA. Ẹni tó kọ orúkọ Man U nìkan sára pátákó rẹ̀ pàdánù gbogbo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló tẹ̀ lé Arsenal nítorí Kanu, tàbí Chelsea nítorí Mikel, Odion Ighalo tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ náà sì gbá bọ́ọ̀lù fún Man U láti ọdún 2020 wọ 2021. Níbi tí ọmọ wa bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, èrò wà níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ̀yin tó ń ta jẹ́sì, ẹ má rà á jọ. Ọdọọdún ni jẹ́sì ń yí padà, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn sì lè kúrò lọ́la. Ẹ ra díẹ̀díẹ̀, nínú oríṣìíríṣìí, kí ẹ sì dúró dìgbà tí oníbàárà bá san àsansílẹ̀ kí ẹ tó tẹ orúkọ sí i.

Ìkẹrin, ẹ má gbé gbogbo ara lé ẹnì kan tó ń gbé ọjà fún yín. A kò tíì gbàgbé HiTV. Ní ọdún 2007 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti máa fi líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn sì ra dékódà wọn. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 2010, kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé, dékódà náà sì di ohun tí wọ́n ń gbé eruku lé.

Ìkarùn-ún, ilé tó ní àga, àtẹ̀gùn àti iná lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje tí líìgì ń sinmi, ibẹ̀ lè gba ìpàdé ẹgbẹ́, fíìmù Yorùbá, tàbí ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ fún ọmọ iléèwé.

Arsenal parí sí ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ní 2020 àti 2021. Chelsea dé ipò kejìlá ní 2023. Láti 2023 dé 2025, ipò kejì ni Arsenal ń parí sí lọ́dọọdún. Bó ṣe ń yí padà nìyẹn, Man U náà lè dìde. Ṣùgbọ́n owó ilé, owó epo àti owó iléèwé àwọn ọmọ kò ní í dúró de ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ, bí wọ́n bá dí ọ̀kan, yóò gba òmíràn dé ìdí ìgbá rẹ̀.