Ìró S àti Ṣ Lẹ́nu Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin olùkọ́, kíkọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà nípa ìró lẹ́tà kò ṣòro ní èdè Yorùbá. Bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ni a ń kọ ọ́, pàápàá láti ìgbà tí àkọtọ́ 1974 ti sọ “aiye” di “ayé”. Gb pàápàá, lẹ́tà méjì lójú, ìró kan ṣoṣo ni létí.

Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ẹ ṣọ́ s àti ṣ. S ni ọ̀pọ̀ onílé ń lò fún méjèèjì. “Isu” ni wọ́n ń gún níyán. Ní Agbowó, níbi tí ọmọ onílé àti ọmọ àlejò ti ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi ọmọ tí ó bá ka “isu” rín. Ẹ má gbà á láyè! Ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, ẹ̀ka-èdè gidi sì ni.

Etí ni kí a kọ́kọ́ kọ́, kí a tó fún un ní pẹ́ńsù. Ẹ pe “sá”, kí àwọn ọmọ sáré díẹ̀. Ẹ pe “ṣá”, kí wọ́n ju ọwọ́ bí ẹni tí ó mú àdá. Nígbà tí wọn kò bá ṣì í ṣe mọ́, kí ẹ wá kọ lẹ́tà méjèèjì sójú pátákó, kí wọ́n rí iṣẹ́ tí àmì abẹ́ ṣ ń ṣe.