Adìẹ Tí Ó Ń Sàba Lemọ́lemọ́: Kí Ni Kí A Ṣe Sí I?



Púpọ̀ nínú wa ni ó ń sin adìẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n owó ẹyin ni àwọn mìíràn nínú wa fi ń san owó àjẹṣẹ́kù oṣooṣù, láìfọwọ́ kan owó oúnjẹ ilé. Nítorí náà, bí àgbébọ̀ kan bá dá ẹyin yíyé dúró, tí ó sì jókòó sórí ìtẹ́ bí ẹni tí a kàn mọ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: "Adìẹ yìí tún ti sàba! Ṣé kí n kúkú pa á jẹ ni?"

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti pa irú rẹ̀ rí. Àgbébọ̀ dúdú kan ni. Ó sàba ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀, inú bí mi, mo fi í se ọbẹ̀. Nígbà tí mo wá ń fẹ́ òròmọdìẹ, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kù tí ó lè jókòó títí tí yóò fi pamọ. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìyá ni mo pa. Kí ẹlòmíràn má baà kábàámọ̀ bíi tèmi ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ó ń fa ìsàba?

Ìsàba kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agídí. Èròjà kan ni ó ń ti abẹ́ ọpọlọ adìẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun ni ó ń dá ẹyin yíyé dúró, tí ó sì ń mú kí ó máa wá ohun tí yóò jókòó lé. Ìtẹ́ tí ó ṣókùnkùn, tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹyin sì pọ̀ nínú rẹ̀, a máa ru èyí sókè. Ó tún jẹ́ ohun àjogúnbá. Adìẹ ìbílẹ̀ wa ní i púpọ̀. Adìẹ àgíríìkì tí a ń sìn fún ẹyin kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, nítorí pé láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó ń mú irú wọn jáde ti ń ṣa àwọn tí kì í sàba lẹ́sà.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Adìẹ tí ó ń sàba kì í kúrò lórí ìtẹ́ tọ̀sán tòru, àfi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tí ó bá fẹ́ jẹun. Bí a bá na ọwọ́ sí i, yóò ru ìyẹ́ sókè, yóò máa kùn, yóò sì fi ẹnu ṣá ni. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ a máa re. Adìẹ tí ó ń ṣàìsàn kì í jà bẹ́ẹ̀. Yóò sorí kọ́, ojú rẹ̀ yóò sì máa pàdé. Ẹ má ṣe ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Bí adìẹ ìbílẹ̀ bá yé ẹyin 12, ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ 3. Ọjọ́ 21 ni yóò fi sàba. Bí ó bá sì kó ọmọ kiri fún ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 16 ti lọ lórí ẹyin 12. Ìgbà 3 péré ni irú adìẹ bẹ́ẹ̀ lè yé ẹyin lọ́dún. Bí ó bá pamọ, tí ọmọ rẹ̀ sì yè, kò sí àdánù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó lórí ìtẹ́ òfìfo, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀: a kò rí ẹyin, a kò rí ọmọ, adìẹ náà sì ń rù. Adìẹ bà lé okùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá rí i pé ó ti sàba ni kí a ti pinnu: yálà kí a fún un ní iṣẹ́ ṣe, tàbí kí a dá a dúró.

Bí a bá fẹ́ kí ó pamọ

Ẹ wá ẹyin 10 sí 12 láti ọ̀dọ̀ adìẹ tí ó ní àkùkọ láàárín wọn. Ẹyin tí a rà ní oko ńlá tí kò sí àkùkọ kò lè pamọ láéláé. Kí ẹyin náà má ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 1 lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tuntun tẹ́ ìtẹ́, ẹ wọ́n eérú díẹ̀ sí i nítorí kòkòrò, kí ẹ sì kó gbogbo ẹyin sí i lábẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ìtòsí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ yóò fi iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ hàn bí òwú aláǹtakùn. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní ọmọ; ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó lè sàba lé ẹyin awó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 sí 28 ni tiwọn. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹyin adìẹ.

Bí a kò bá fẹ́ kí ó sàba

Àwọn kan máa ń ri adìẹ bọ omi tútù, àwọn kan a so ó mọ́lẹ̀ láìfún un ní oúnjẹ. Ìyà lásán ni. Adìẹ tí ebi ti sọ di egungun kò lè tètè padà yé ẹyin.

Ohun tí ó dára ni kí a fi í sínú àgò tí a fi wáyà tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a gbé ka orí búlọ́ọ̀kù 4, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Kí koríko má sí níbẹ̀. Kí ó wà ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tí oòrùn àti òjò kò lè pa á. Ẹ máa fún un ní oúnjẹ àti omi dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 tàbí 4, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá padà sórí ìtẹ́, ẹ dá a padà fún ọjọ́ 2 sí i. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 kí ó tó tún máa yé ẹyin. Bí a bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí ni yóò ṣe tètè yá.

Kí ó má baà tún ṣe é láìpẹ́, ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò lọ yé sínú igbó, ẹ fi ẹyin 1 péré sílẹ̀, kí ẹ fi èédú sàmì sí i, kí ẹ má baà tà á fún oníbàárà.

Àǹfààní ẹgbẹ́

Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní adìẹ tí ń sàba lemọ́lemọ́, kò sì ní àkùkọ. Èkejì ní ẹyin tí ó dára, ṣùgbọ́n adìẹ rẹ̀ kì í jókòó. Kí ni ó dé tí àwọn méjèèjì kò lè parapọ̀? Kí ẹni kan mú ẹyin wá, kí ẹnì kejì mú ìyá wá, kí wọn sì pín òròmọdìẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń gba ẹran ọ̀sìn sìn fún ara wọn. Kí wọn fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe pín in kí ẹyin tó wọ ìtẹ́, kí ìjà má baà dé lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó pọ́n ọ̀bẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní ìpàdé yín bóyá ẹnì kan ń wá ìyá fún ẹyin rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.