Àdúrà Ìdákẹ́jẹ́ àti Sísúnmọ́ Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ àdúrà kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ni àwọn àgbà ti ń wúre láàárọ̀, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Olódùmarè súre fún tọmọtọmọ. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "àdúrà", inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, nípasẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn Onígbàgbọ́ dé, wọ́n bá a nílẹ̀, wọ́n sì mú un lò. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí Onígbàgbọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá òun ń gbàdúrà. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ àdúrà tí òun ń gbà ń mú òun súnmọ́ Ọlọ́run?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí Ọlọ́run àfi nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí owó oṣù bá pẹ́, tàbí tí àìsàn bá wọlé. Wọn a ka ẹ̀bẹ̀ wọn sílẹ̀, wọn a ṣe àmín, wọn a sì dìde. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá fẹ́ gba owó nìkan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ọmọ bàbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ inú bàbá rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá jókòó ti ènìyàn kò lè mọ ohun tí ó dùn mọ́ onítọ̀hún àti ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́. Ìjókòó-tini yìí ni àdúrà ìdákẹ́jẹ́.

Jésù Kristi fúnra rẹ̀ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ní orí kìn-ín-ní Ìhìnrere Máàkù, nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Kápánáúmù, gbogbo ìlú ni ó péjọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn aláìsàn wọn, ó sì wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ sàn. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ìbá sùn títí oòrùn fi yọ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dìde, ó ti lọ gbàdúrà níbi tí kò sí ènìyàn. Símónì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a kàn, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ni ó ń wá a. Kò padà sí ibi tí wọ́n ti ń yìn ín; ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ wàásù ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹni tí ó ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kì í jẹ́ kí ariwo èrò yan iṣẹ́ fún òun.

Ti wòlíì Èlíjà kò yàtọ̀. Ó ń sá fún Jésébẹ́lì, ayé sì sú u tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tọrọ ikú. Ní òkè Hórébù, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná sì jó. Ọlọ́run kò sí nínú ọ̀kankan. Lẹ́yìn èyí ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé. Ohùn náà bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó rán an padà sí ẹnu iṣẹ́. Èyí fi hàn pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ibi ìsápamọ́ sí fún ọ̀lẹ.

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣe é kò le. Ìmọ̀ràn Jésù nínú ìwé Mátíù ni pé kí olúwarẹ̀ wọ inú yàrá, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní yàrá tirẹ̀ lè lo kíláàsì tí kò sí ènìyàn tàbí abẹ́ igi. Kí ó yan àkókò kan, bí ìṣẹ́jú 15, kí ilé tó jí. Kí ó ka ẹsẹ díẹ̀ nínú Bíbélì, kí ó tún un kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọdún 1884, tí Bíbélì Yorùbá ti parí nípa akitiyan Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ni Yorùbá ti lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí ó fi ń lá àlá. Lẹ́yìn kíkà, kí ó dákẹ́. Bí ọkàn bá sá lọ sọ́jà, kí ó rọra pè é padà. Kí ó jẹ́wọ́, kí ó dúpẹ́, kí ó tọrọ fún ẹlòmíràn kí ó tó tọrọ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ kan kò tó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àdúrà kíkan kò dára. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìdáhùn nìkan wọn àdúrà. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, kò lè rìn nígbà èwe rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìjọ rẹ̀ ń sọ, àdúrà ni ó gbé e dìde. Síbẹ̀, títí ayé rẹ̀ ni ó ń tiro. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ń tiro yìí ni ó fi rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, tí ó dé Èkó ní 1924, tí òun àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Bàbá Aládùúrà ni àwọn ènìyàn ń pè é títí ó fi kú ní 1933. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ó mú ẹ̀gún kan kúrò lára òun. Ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni a fún un.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹni tí ó gbàdúrà bá kùnà nínú ìdánwò, tí ó sì jẹ́ pé nítorí ìwé ẹ̀rí nìkan ni ó ṣe mọ Ọlọ́run, ohun méjì ni yóò pàdánù lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń jókòó ti Ọlọ́run lójoojúmọ́ yóò sunkún lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ni. Àmì pé ó ń súnmọ́ Ọlọ́run kò sì fara sin: olùkọ́ tí ó máa ń bínú sí ọmọ tí kò tètè mòye yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní sùúrù, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jí ìwé wò yóò dẹ́kun rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì, ojú gbangba ni yóò ti hàn.