Ìgúnpá Tó Ń Ro Aládìrẹ

Ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, aṣọ àdìrẹ kì í ti inú aró bọ́ sórí àtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fún un, wọ́n á tú ìko tí wọ́n fi dì í, wọ́n á sá a, wọ́n á sì fi òòlù onígi lù ú títí yóò fi máa dán. Ọwọ́ ló ń ru gbogbo rẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro aládìrẹ, débi pé gbígbé korobá omi á di ìṣòro.

Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n oríkèé kọ́ ló ń ṣe é. Láti nǹkan bí 1883 ni àwọn dókítà Òyìnbó ti so ìrora yìí mọ́ tẹ́nìsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń mú kò gbá tẹ́nìsì rí. Bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, ìyá olóúnjẹ tó ń ro àmàlà láfún fún èrò rẹpẹtẹ sì wà nínú wọn.

Iṣan kan so mọ́ egungun ìta ìgúnpá. Òun ló ń mú ọrùn-ọwọ́ dúró gírí nígbà tí a bá di nǹkan mú. Àdìmú àṣejù ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ egungun.

Ọ̀pọ̀ ló ń sàn láàárín ọdún kan. Kò pọn dandan kí aládìrẹ pa iṣẹ́ tì: kó dín lílù kù, kí ẹni méjì máa fún aṣọ pọ̀, kó fi àkísà wé ọwọ́ òòlù kó lè nípọn. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá ló ṣe pàtàkì jù. Kó gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ yọ kọjá etí rẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kó di ike omi kékeré mú. Kó fi ọwọ́ kejì ràn án gbé e sókè, kó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà mẹ́wàá. Bí ìrora rẹ̀ bá di ọjọ́ kejì, kó dín in kù.

Oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá léwu, pàápàá fún ọlọ́gbẹ́ inú. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dì ń mú ara tuni kíákíá, àmọ́ nínú ìwádìí kan láti Ọsirélíà, tó jáde ní 2013, ìrora padà sára 54 nínú 100 àwọn tó gbà á. 12 péré ni nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò lóògùn nínú.

Bí ìgúnpá bá wú tó sì gbóná, bí ìka bá ń kú, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹni náà ṣubú ni, kó má ṣe dúró sílé rárá. Kó lọ sí ilé ìwòsàn, irú bíi Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta.