Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Nínú Àpò Arìnrìn-àjò: Kí Ni Kí Á Wò Kí Á Tó Yàn Án?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aṣọ àti bàtà nìkan. Ojú tí a bá gbé wọ ìlú onílùú ni àwọn onílé yóò kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ó wà lẹ́nu wa. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa kò fi fi ọ̀rọ̀ irun orí àti irùngbọ̀n ṣeré rárá. Lóde òní, tí olùkọ́ ń lọ sí àpérò, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní òkèèrè, tí àgbàlagbà sì ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odi, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bá wọn nílé àlejò. Ohun náà ni búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń po ọṣẹ sí àgbọ̀n kí á tó fi abẹ kàn án. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn kan ti fi ẹ̀mí wọn dí irú búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, a ó sì rí i bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Irun àti ìrìn-àjò láyé àtijọ́

Láàrin àwa Yorùbá, irun ti bá ìrìn-àjò rìn tipẹ́tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ìlàrí Aláàfin Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ wọn gan-an ni ó ń sọ ohun tí a ṣe sí orí wọn: a la orí náà sí méjì, a fá apá kan, a sì fi irun apá kejì sílẹ̀. Alàgbà Samuel Johnson ṣàlàyé nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí ìlàrí bá wọ ìlú kan gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ọba, kò sẹ́ni tí yóò máa bi í pé ta ni ó rán an. Bí wọ́n ti fá orí rẹ̀ ni ìwé àṣẹ rẹ̀.

Bákan náà ni a mọ̀ pé a kì í déédéé fi abẹ kan orí ọmọ Dàda láìṣe ohun tí ó yẹ kí á ṣe. A mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ìdílé kan a máa fá orí nígbà ọ̀fọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ohun èlò kan orí tàbí àgbọ̀n ènìyàn, ibi tí ó níyì ni ó fọwọ́ kàn. Òwe wa ti sọ ọ́ tán: a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Gbàjámọ̀ ayé àtijọ́ náà, arìnrìn-àjò ni. Àpò rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Inú rẹ̀ ni abẹ wà, àti ohun tí ó fi ń pọ́n ọn, àti igbá kékeré tí ó ń bu omi sí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ra omi àti ọṣẹ mọ́ orí oníbàárà títí irun yóò fi rọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ni búrọ́ọ̀ṣì ti wá bá wa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gillette ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta abẹ aláàbò tí a lè pààrọ̀ ojú rẹ̀ ní 1903, ó túbọ̀ rọrùn fún ọkùnrin láti jókòó sílé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì?

Iṣẹ́ mẹ́ta ni búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Ó ń gbé omi dání, kí ọṣẹ lè hó dáadáa kí ìfóófò rẹ̀ sì ki. Ó ń gbé omi ọṣẹ náà wọ ìdí irun, kí irun líle lè rọ̀. Ẹ̀kẹta, bí a ti ń yí i po lójú ara, ó ń gbé irun dìde kúrò níbi tí ó sùn sí.

Iṣẹ́ kẹta yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn lọ. Irun àwa ènìyàn dúdú a máa ká. Bí a bá fá a nígbà tí ó gbẹ, tàbí tí a fi abẹ fà á kanlẹ̀ jù, ẹnu irun tí ó mú bí ẹ̀gún yóò padà gún inú ara, àgbọ̀n yóò sì kún fún kókó wẹ́wẹ́ tí ń dunni tí ó sì ń yúnni. Ohun tí àwọn oníṣègùn awọ ara ń gba irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ irun náà, kí wọ́n fá a síbi tí ó kọjú sí, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ fa awọ ara le. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí nílé, tí ó wá dé àjò tí kò rí ohun èlò rẹ̀, tí ó sì fi abẹ gbígbẹ fá àgbọ̀n ní ìdájí, ó lè dé iwájú àwọn tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú wíwú.

Búrọ́ọ̀ṣì tí ó gbé ikú dání

Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, láàrin 1914 sí 1918, afẹ́fẹ́ olóró di ohun ìjà lójú ogun. Ìbòjú tí ọmọ ogun fi ń gba ara rẹ̀ là kì í lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa bí irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, fífá irùngbọ̀n di ọ̀ranyàn, wọ́n sì ń pín ohun èlò ìfárùngbọ̀n fún àwọn ọmọ ogun. Irun tí a fẹ́ràn jù fún búrọ́ọ̀ṣì nígbà náà ni ti badger, ẹranko abilà-lójú kan tí ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní Yúróòpù àti Ásíà. Ogun kò jẹ́ kí irun yìí tó. Àwọn oníṣòwò wá yíjú sí irun ẹṣin olówó pọ́ọ́kú tí a kó láti òkèèrè, wọ́n sì ṣe é kí ó jọ ti badger. Àwọn kan nínú wọn kò pa kòkòrò inú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni àrùn áńtíráàsì. Ó lé ní 200 ènìyàn, ọmọ ogun àti ará ìlú, ní Amẹ́ríkà àti nílùú Gẹ̀ẹ́sì, tí àrùn yìí mú láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n. Àwọn mìíràn nínú wọn sì kú. Egbò a yọ lójú tàbí lọ́rùn, a wú, àárín rẹ̀ a sì dúdú bí èédú. Ojú ibi tí abẹ bá ti ha ènìyàn díẹ̀ ni àrùn náà ń gbà wọlé. Ní 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n wọlé láti Jàpáánù.

Kòkòrò áńtíráàsì a máa sùn sínú irun, awọ àti ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jí. Iyán ogún ọdún a sì máa jóni lọ́wọ́. Àrùn náà kò tíì parẹ́ láyé. Ní oṣù keje 2023, ìjọba orílẹ̀-èdè wa kéde pé a rí i lára àwọn ẹran ọ̀sìn ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Niger. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì lóde òní ti mọ bí a ṣe ń pa kòkòrò inú irun kí wọ́n tó lò ó, ewu rẹ̀ sì ti kéré gidigidi. Ṣùgbọ́n bí a bá rí búrọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ ti ayé àtijọ́ lórí àtẹ, tí kò sẹ́ni tí ó mọ ibi tí irun rẹ̀ ti wá, kí á jẹ́ kí ó wà fún wíwò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ nìkan kò tó láti pa kòkòrò tí ó sùn bẹ́ẹ̀.

Irú irun tí ó yẹ arìnrìn-àjò

Irú irun mẹ́rin ni a sábà máa ń rí lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni ti badger. Ó rọ̀, ó ń gbé omi púpọ̀ dání, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Ìkejì ni irun líle ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Kò wọ́n, ó sì lágbára láti po ọṣẹ líle, ṣùgbọ́n a ní láti rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí á tó lò ó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í rọ̀ àfi bí a bá ti lò ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò ní fẹ́ kí irun ẹlẹ́dẹ̀ kan ojú wọn, nítorí náà kí ẹni tí ó fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì fún bàbá tàbí àna rẹ̀ béèrè irú irun tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó sanwó. Ìkẹta ni irun ẹṣin. Kò ṣàjèjì sí àwa tí a mọ ìrùkẹ̀rẹ̀, tí a sì mọ bí irun ìrù ẹran ti lágbára tó. Ó wà ní agbede-méjì ti badger àti ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìkẹrin ni irun àtọwọ́dá, èyí tí kò ti ara ẹranko kankan wá. Láyé ọjọ́un, irun yìí le, kò sì lè gbé omi dání. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí rọ̀ dáadáa. A kò ní láti rẹ ẹ́, kì í mu ọṣẹ púpọ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Fún ẹni tí ń sùn níhìn-ín lónìí, tí yóò sì sùn lọ́hùn-ún lọ́la, èyí ni a rò pé ó dára jù. Kì í ṣe pé ó lẹ́wà ju ti badger lọ. Gbígbẹ kíákíá ni ohun tí arìnrìn-àjò nílò jù.

Ìwọ̀n, èkù àti ilé rẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì ilé sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àjò kò gbọdọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdí irun rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 20 sí 22, ó tó láti po ọṣẹ fún àgbọ̀n àgbàlagbà. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, yóò di ohun ìṣeré ọmọdé.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí èkù rẹ̀ jẹ́ ihò gbọọrọ: bí a bá lò ó tán, a ó tú orí rẹ̀, a ó yí i padà, a ó sì dé e sínú èkù náà. Èkejì ni búrọ́ọ̀ṣì kúkúrú tí ó ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò afẹ́fẹ́ wà lára ilé náà. Búrọ́ọ̀ṣì tí a dé mọ́ inú òkùnkùn pẹ̀lú omi yóò hu èébu, yóò máa rùn, ìdí rẹ̀ yóò sì jẹrà. Ní ti èkù, ike àti irin fẹ́ẹ́rẹ́ fara da omi ju igi lọ; igi a máa wú, a sì máa là.

Bí a bá lò ó tán, kí á fi omi tí ó mọ́ ṣan ọṣẹ kúrò, kí á gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí á fi aṣọ ìnura gbẹ ẹ́, kí á sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí di àsìkò tí a ó di ẹrù. Bí kò bá tíì gbẹ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, kí á tú u síta bí a bá ti dé ibi tí à ń lọ.

Ó yẹ kí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfurufú rántí ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú. Láti 2006 ni ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú kò ti jẹ́ kí á gbé ohun olómi tàbí agolo ìfóófò tí ó bá ju mìlílítà 100 lọ wọ inú ọkọ̀ lọ́wọ́. Ọṣẹ líle kò sí nínú òfin yìí. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ègé ọṣẹ kan yóò wọlé láìsí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ojú abẹ tí a ń pààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù tí a fi sí abẹ́ ọkọ̀.

Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀

Àwa Yorùbá fẹ́ràn àjùmọ̀lò. Bí àlejò bá dé, a ó yá a ní aṣọ ìbora, a ó sì bu omi ìwẹ̀ fún un. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tí a ń yáni. Àwọn Mùsùlùmí tí ń lọ sí Mẹ́kà mọ̀ pé nígbà tí iṣẹ́ Hájì bá dé ibì kan, ọkùnrin yóò fá orí tàbí kí ó gé irun rẹ̀ kúrú. Lọ́jọ́ náà, àìmọye orí ni abẹ ń kàn. Bí abẹ kan náà bá ń ti orí ẹnìkan bọ́ sí orí ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lè wà láàyè níta ara ènìyàn fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó ti kan àgbọ̀n tí abẹ gé kò yàtọ̀. Lápálápá irùngbọ̀n pàápàá lè bá ohun èlò tí a jọ ń lò ràn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń di ẹrù ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ tirẹ̀ sí i, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin àgbà, bí onílé bá fi tirẹ̀ lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi han án pé ẹ ti mú tiyín wá. Kò ní bínú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí a bá sì ń darí bọ̀, ẹ̀bùn ni kí á kó wálé, kì í ṣe àrùn.