Ọmọ oṣù méje ń bọ̀ wálé láti ọsibítù: Ẹ má jẹ́ kí omi gbígbóná àti ariwo àlejò ba iṣẹ́ dókítà jẹ́ o!

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá ọmọ pé, "Màmá, ẹ lè máa gbé ọmọ yín lọ sílé," gbogbo ẹbí ló máa ń rò pé wàhálà ti tán. Ọkọ á ti lọ wá owó tó kù san, ìyá ọkọ á ti gbé omi kaná, àwọn ará àdúgbò á ti máa bèèrè ìgbà tí wọ́n máa wá jẹ ìrẹsì. Ìyá ọmọ nìkan ni ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà mìíì jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n ń pè ní incubator. Ó ti mọ ohùn gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Nílé, kò sí ẹ̀rọ, kò sí nọ́ọ̀sì, iná gan-an ò sì dájú. Tọ́mọ bá gbàgbé láti mí lóru ńkọ́?

Ẹ̀rù ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀rù asán. Nǹkan bí ogójì ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí oyún lò. Ọmọ tí wọ́n bá bí kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37, ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé nìyẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2020 nìkan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 13. Ìṣòro tó máa ń bá irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ rìn ló sì ń pa ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún jù lọ lágbàáyé. Ẹlòmíì nínú wọn kì í ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Ẹ gbé pure water mẹ́ta sọ́wọ́ ẹ wò ó, bó ṣe wúwo mọ nìyẹn.

Ọmọ tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lọ́ràá lára, kíá ni òtútù máa ń mú un. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kò tí ì gbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Kò tí ì lè mu ọmú dáadáa, nítorí náà ìyá á máa fún wàrà ọmú ẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa gba inú rọ́bà tínńrín tí wọ́n kì bọ imú ọmọ dà á sí i nínú. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ní kó máa lọ sílé, ó ti ń mí fúnra ẹ̀, ó ti ń jẹun láti ẹnu, ó ń sanra sí i, ara ẹ̀ sì ń móoru láìsí ẹ̀rọ. Àmọ́ ọmọ kékeré náà ṣì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rántí nìyẹn.

Àwọn àgbà kan tún máa ń sọ pé ọmọ oṣù méje máa ń yè, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè. Àwọn dókítà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ tó nínú ìyá ẹ̀ ni agbára ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lágbára ju ti oṣù méje lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sọ ìrètí nù.

Ibi tíjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé gan-an nìyí. Ìyá ọmọ á so ọmọ mọ́ àyà, ara kan ara, ọmọ ò ní wọ ju fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti pampers lọ. Ìyá ọkọ á wò ó, á ní, "Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ léyìí? Ẹ̀yìn la ń pọnmọ sí!" Màmá ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ ọ nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1978, ní ọsibítù àwọn abiyamọ kan nílùú Bogotá, àpótí tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ sí kò tó, ọmọ méjì, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń kó sínú ẹyọ kan, àìsàn sì ń ràn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Dókítà Edgar Rey Sanabria ló ní kí àwọn ìyá máa so ọmọ wọn mọ́ àyà bí ẹranko kangaroo ṣe máa ń gbé ọmọ ẹ̀ sínú àpò ikùn. Dókítà Héctor Martínez bá a gbé iṣẹ́ náà lárugẹ. Ooru ara ìyá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, wàrà ọmú wà nítòsí, ọmọ sì ń gbọ́ bí ọkàn ìyá ẹ̀ ṣe ń lù.

Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ sọ fún un pé Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ẹ̀. WHO ṣe ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Ọmọ tó lé ní 3,000, tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì, ni wọ́n wò. Àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n so mọ́ àyà kété tí wọ́n bí wọn, 12 ló kú kó tó pé ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ títí ara wọn fi balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìyàtọ̀ náà hàn débi tí wọ́n fi dá ìwádìí dúró kí àsìkò ẹ̀ tó pé. Lọ́dún 2022, WHO ní kí wọ́n máa so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán lójúmọ́, tó bá sì ṣeé ṣe, kó sún mọ́ wákàtí 24.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyá nìkan o. Ọkọ lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó so ọmọ mọ́ àyà, kí ìyàwó lè wẹ̀, kó sùn díẹ̀. Màmá àgbà náà lè ṣe é. Ẹ fún màmá ní ọmọ so mọ́ àyà lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí i pé ìjà á parí.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Omi gbígbóná, nínà àti jíju ọmọ sókè, ẹ dá a dúró. Kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmọ kíá, kí wọ́n tún so ó padà. Àgbo ò sí nínú oúnjẹ ẹ̀, omi náà ò sí, wàrà ọmú ni àti oògùn tí dókítà bá kọ. Àwọn aṣọ ọmọ tí wọ́n ti fi káńfọ̀ pa mọ́ láti ọdún tó ti pẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò bá káńfọ̀ mu, ó lè mú kí ojú àti ara ẹ̀ pọ́n bí àtàlẹ̀, tó bá sì dé ọpọlọ, ọmọ lè kú tàbí kó dití.

Ti ìkómọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹbí ti sọ ọmọ lórúkọ nígbà tó ṣì wà ní ọsibítù. Orúkọ ti jẹ́ tiẹ̀, ìrẹsì lè dúró. Àlejò tó ń wúkọ́, tó ń fọn ikun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa sìgá tán, kó kí ọmọ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ fọṣẹ fọwọ́. Ẹni tí inú bá bí, á rọ̀.

Bí ọmọ ọ̀rẹ́ yín bá ti ń jókòó, tí tiyín ò tí ì ṣe é, ẹ má sunkún. Ọmọ tó fi oṣù méjì yá ju ọjọ́ ẹ̀ lọ, ẹ yọ oṣù méjì kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀ kí ẹ tó fi wé ti ẹlòmíì, títí á fi pé ọmọ ọdún méjì. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni kí ẹ máa kà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ má sì pa ọjọ́ tí dókítà dá jẹ, pàápàá tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wo ojú ọmọ, nítorí ojú irú wọn lè fọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè mọ̀.

Tí ọmọ ò bá mu ọmú mọ́, tí ara ẹ̀ tutù tàbí tó gbóná jù, tó ń mí gúlegúle tàbí tó ń dá mímí dúró, tójú ẹ̀ pọ́n bí àtàlẹ̀, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ so ó mọ́ àyà, kẹ́ ẹ sáré gba ọsibítù lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé á kún fáriwo lọ́jọ́ kan, ìrẹsì á sì tó ẹni gbogbo. Ìyá ọmọ tó fi ìrọ̀rí tì sẹ́yìn, tó ń sùn ní ìjókòó-ìdùbúlẹ̀, tó ń fetí sí bí ọmọ ẹ̀ ṣe ń mí lórí àyà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí oorun sùn ná.