Ìdádúró ààbò bátìrì lítíọ́mù lórí iná sólà

Ìdádúró ààbò bátìrì lítíọ́mù ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ amójútó inú bátìrì, èyí tí a mọ̀ sí BMS, bá já bátìrì kúrò lára iná tó ń wọlé sí i nítorí pé ó rí ewu. Ọ̀sán gangan ló sábà máa ń wáyé: oòrùn mú, páànẹ́lì ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ bátìrì kò gba iná mọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ gbogbo iná ilé á kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbà pé bátìrì ti bàjẹ́, wọn á sì ra òmíràn lówó gọbọi, nígbà tó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bátìrì LiFePO4 olófóltì 12, tó wọ́pọ̀ lórí iná sólà, ní sẹ́ẹ̀lì 4 tí a so tẹ̀ léra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 3.2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12.8. Kò yẹ kí sẹ́ẹ̀lì kankan kọjá nǹkan bíi 3.65. Kọ̀ǹtúrólà sólà kò rí ju àpapọ̀ lọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan ni BMS ń ṣọ́. Bí ọ̀kan bá ti dé 3.65 nígbà tí mẹ́ta yòókù ṣì wà ní 3.40, àpapọ̀ wọn jẹ́ 13.85, kọ̀ǹtúrólà tí a ṣètò sí 14.4 á máa ti iná wọlé lọ, BMS á sì já a. Àwọn méjèèjì ló ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ.

Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ yìí pamọ́ ni pé fóltì irú sẹ́ẹ̀lì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún. Ìgbà náà ló ń fò sókè lójijì. Ẹni tó bá fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì lálẹ́ á rí i pé gbogbo wọn dọ́gba ní nǹkan bíi 3.3. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí BMS já iná gan-an ló yẹ kí a wọ̀n wọ́n, tàbí kí a wò ó lórí fóònù bí BMS náà bá ní Bluetooth. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ga bá wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná dáwọ́ dúró, bóòtù tó dẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí kò bá yára wálẹ̀, a lè dín fóltì kọ̀ǹtúrólà kù sí 13.8 tàbí 14.0 fún ọjọ́ mélòó kan, kí ètò ìmúdọ́gba inú BMS, tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, lè ráyè fà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣáájú kún, tó tún ń ṣáájú gbẹ, ti rẹ̀. Ìmúdọ́gba kò lè wò ó sàn.

BMS ni odi ìkẹyìn. Kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa dá iná dúró lójoojúmọ́. Bó bá já lójijì tí páànẹ́lì ṣì ń ti iná, fóltì ojú wáyà lè ga débi pé á ba ínfátà jẹ́. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi wáyà fo BMS kọjá kí iná má baà kú mọ́: sẹ́ẹ̀lì tó ti kún kò ní olùṣọ́ mọ́, ó lè wú, kó tú gáàsì, kó sì gbiná.

Àwọn okùnfà mìíràn rọrùn láti rí. Kọ̀ǹtúrólà tí a fi sílẹ̀ lórí ètò bátìrì ásíìdì lè gbé fóltì dé 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ BMS kì í gbà kí iná wọlé bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 0°C. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ooru abẹ́ páànù ni kí a fura sí, pàápàá bí bátìrì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà.

Ti bátìrì tó gbẹ tán yàtọ̀. BMS á sùn, mítà á sì lè fi òdo hàn lẹ́nu bátìrì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹtúrólà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi bí wọ́n bá rí fóltì bátìrì, nítorí náà páànẹ́lì nìkan lè má lè jí i, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ṣájà iná ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀, tó ní ètò jíjí bátìrì lítíọ́mù, ni a fi ń jí i.